Ẹ Dúró De Bọ́ọ̀lù Ogójì: Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Ọmọ Tó Ń Ju Bésíbọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin tèmi, ẹ káàbọ̀. Ọyẹ́ Abuja ti gbẹ mí létè, tí ẹ bá rí i tí mò ń fi ahọ́n ra á, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ òní, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń béèrè rẹ̀. Ọmọ kan wà ládùúgbò, apá rẹ̀ le, ó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń sọ òkò sí máńgòrò. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá pitcher gidi, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹni tó fẹ́ gbá a, ló wà nínú rẹ̀? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ bóyá apá yẹn ò ní bàjẹ́ kó tó dàgbà?

Mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé strike àti ball o. Ẹni tó ń wo mi ti kọjá ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí pápá kan lápá Kubwa, mo rí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15. Mo ti yá radar gun, ẹ̀rọ tó ń ka eré bọ́ọ̀lù, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, máìlì 81 ní wákàtí kan. Èkejì, 82. Ẹ̀kẹta, 83! Kìlómítà bíi 134 nìyẹn, lọ́wọ́ ọmọ tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Mo fa fóònù yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Bàbá kan ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ Hausa. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ, ta lò ń pè?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò rí ọmọ yìí ni?"

"Mo rí i. Jókòó. Tó bá ju ogójì tán, kí o tún ẹ̀rọ ẹ gbé."

Mo jókòó. Nígbà tó di bọ́ọ̀lù kejìlélógójì, ẹ̀rọ ka 74. Fìlà ọmọ ti ń já bọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá jù ú. Ó ń gbọn ọwọ́ bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára. Ìgúnpá rẹ̀ tó bá èjìká dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, bọ́ọ̀lù wá ń fò kọjá lórí catcher tó yẹ kó mú un. Mo rọra ti fóònù bọ àpò.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo yín ti ń ṣìnà! Ẹ máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí mi nínú fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá: bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, èyí tó le jù, pẹ̀lú orin lábẹ́ ẹ̀. Kí ni kí n fi ìyẹn ṣe? Ẹnikẹ́ni tó lápá lè ju ẹyọ kan. Ẹ DÚRÓ DE BỌ́Ọ̀LÙ OGÓJÌ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ẸYỌ KAN Ò TÓ, Ẹ DÚRÓ DE BỌ́Ọ̀LÙ OGÓJÌ!

Bàbá tó bí mi ló kọ́ mi ní nǹkan yìí láì mọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ní Dei-Dei. Bí Iléyá bá ku oṣù bíi mẹ́ta, wọ́n á mú mi dání lọ ra àgbò kékeré tí a máa sìn. Ọlọ́jà á nawọ́ sí èyí tí ìwo rẹ̀ ká bí àgádágodo: "Alhaji, rago mai kyau!" Bàbá mi ò ní wo ìwo. Wọ́n á ní, "Mallam, ẹ jẹ́ kó rìn." Ó rìn lọ. "Ẹ jẹ́ kó rìn bọ̀." Oòrùn ń pa wá. Nígbà tó bá di ìgbà karùn-ún, ẹ máa rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ń wọ́lẹ̀. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mú èyí tí kò níwo tó bẹ́ẹ̀. Radar gun, ìwo àgbò ni. Ó wuni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rìn ná.

Ó dáa. Àwọn scout l'Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́, máa ń fi òṣùwọ̀n 20 sí 80 díwọ̀n ọmọ. 50 ni ti ẹni tó tó ẹgbẹ́ ní líìgì ńlá, èyí tó ga jù níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé máàkì méjì ni bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń gbà: ohun tó jẹ́ lónìí àti ohun tó lè dà. Fastball (bọ́ọ̀lù eré) ọmọ Kubwa yẹn lè jẹ́ 20 lónìí, kí a sì kọ 55 fún ọ̀la, nítorí ìpíndọ́gba eré fastball ní líìgì ńlá ti tó máìlì 94. Láti 20 sí 55, ọ̀nà jìn. Àárín máàkì méjèèjì ni ewu ń gbé. Bó bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ṣe pọ̀ tó.

Ẹ wo changeup náà. Ọmọ tó bá lè fi apá kan náà, pẹ̀lú ìyára ọwọ́ kan náà, ju bọ́ọ̀lù tó fi nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ lọ́ra ju fastball rẹ̀ lọ, ọgbọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Greg Maddux, pitcher líìgì ńlá, kò jẹ́ ẹni tí radar gun ń pariwo fún. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọmọ tuntun lọ́dún 1984, ìpele kejì ni wọ́n ti mú un, ó sì ṣẹ́gun ní ìgbà 355.

Wàyí o, ewu. Ẹ fi ìka kan inú ìgúnpá yín, lápá tó kọjú sí ìhà. Iṣan kékeré kan wà níbẹ̀ tó so egungun apá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ju bọ́ọ̀lù tagbáratagbára, òun ló ń gba ìyà. Bó bá já, wọ́n á la apá, wọ́n á fi iṣan láti ibòmíràn rọ́pò rẹ̀. Dókítà Frank Jobe ló kọ́kọ́ ṣe é fún pitcher kan, Tommy John, lọ́dún 1974: iṣan apá ọ̀tún ni wọ́n fi tún apá òsì tó ń lò ṣe. Ó padà ju bọ́ọ̀lù lọ́dún 1976, kò sì simi títí di 1989. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ máa sọ fún mi pé, "Wọ́n á tún un ṣe náà ni." Níbo? Ta ló máa sanwó ẹ̀?

Ìwádìí kan láti American Sports Medicine Institute lọ́dún 2006 fi àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wé àwọn tí kò ṣe é. Ọmọ tó sọ ọ́ di àṣà láti máa jù nígbà tí apá ti rẹ̀ ẹ́, ìlọ́po 36 ni ewu iṣẹ́ abẹ tirẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì! Ẹni tó ń jù ju oṣù mẹ́jọ lọ lọ́dún, ìlọ́po márùn-ún. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kankan, ẹ bi ìyá ọmọ pé oṣù mélòó ló fi ń jù, ẹgbẹ́ mélòó ló sì ń jù fún. L'Abuja ńbí, ọmọ á jù fún ilé ìwé láàárọ̀, á jù fún ẹgbẹ́ nírọ̀lẹ́. Coach kọ̀ọ̀kan ń ka tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka ti ọmọ. Bó bá sì kúrò níbi tó ti ń jù, wọ́n á ní kó lọ ṣe catcher, torí apá rẹ̀ ló le jù. Haba! Ìlànà Pitch Smart, tí wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà láti dáàbò bo apá ọmọ, sọ pé ọmọ ọdún 15 kò gbọdọ̀ kọjá bọ́ọ̀lù 95 lóòjọ́. Bó bá ti ju bọ́ọ̀lù tó pé 76, ó di ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin.

Kí ẹ má rò pé àwọn aláìní nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá ń yan ọmọ tuntun ní 2009, pitcher Stephen Strasburg ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 2010 tó kọ́kọ́ jáde, ó fi strike lé ènìyàn 14 tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò. Kí ọdún yẹn tó parí, iṣan ìgúnpá ti já. Ó padà, ó gba MVP, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù, ní World Series 2019, àṣekágbá líìgì ńlá, wọ́n fún un ní àdéhùn mílíọ̀nù 245 dọ́là fún ọdún méje. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ péré ló tún jù lẹ́yìn ìyẹn.

Kí n tó gbàgbé: ọjọ́ orí! Ẹ mọ ara yín. Ọdún 2001, Danny Almonte fi perfect game (kò sẹ́ni tó dé base lọ́wọ́ rẹ̀) dá àwọn ènìyàn lágara ní Little League World Series, ìdíje àwọn ọmọdé, wọ́n ní ọmọ ọdún 12 ni, àṣé ó ti pé 14. Máìlì 83 lọ́wọ́ ọmọ ọdún 15 àti lọ́wọ́ ọmọ ọdún 19, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ béèrè ìwé ọjọ́ ìbí, kí ẹ sì kà á dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún lọ sí Kubwa. Bàbá ti fi ọmọ yẹn sí first base, níbi tó ti ń ṣọ́ ibùdó àkọ́kọ́, fún oṣù mẹ́rin, kò ṣe pitcher rárá. Eruku ọyẹ́ bo pápá, ọwọ́ gbogbo wọn gbẹ, bọ́ọ̀lù ń yọ̀. Mo fi radar gun pa mọ́ sínú báàgì títí wọ́n fi ka ogójì. Bọ́ọ̀lù kejìlélógójì, 79. Fìlà rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Bàbá yíjú sí mi. "O ò pe ẹnikẹ́ni?"

Mo ní, "Ó di bọ́ọ̀lù ọgọ́ta, sà."