Làkúrègbé Tó Ń Ba Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Jẹ́

Ẹ̀yin òǹwòran wa ní Abẹ́òkúta àti níbi gbogbo, a kí yín o.

Bí ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú bá ń jí láràárọ̀ tí ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, tí wọ́n le gan-gan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó ṣeé fi di aṣọ, ó lè jẹ́ irú làkúrègbé tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ-ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ló kọjú ìjà sí awọ inú oríkèé. Àwọn obìnrin ló máa ń ṣe jù.

Ìjà náà kì í mọ sí oríkèé. Àwọn èròjà tó ń fa wíwú, irú bíi TNF àti interleukin-6, ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri, wọ́n sì ń ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Awọ yìí ló ń pèsè nitric oxide tó ń mú kí iṣan rọ̀ kó sì fẹ̀. Bí kò bá rí i pèsè tó mọ́, iṣan á le, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ọn nínú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa tètè dì. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ làkúrègbé ní Yúróòpù fi dámọ̀ràn pé, bí dókítà bá ti ṣírò ewu àrùn ọkàn fún aláìsàn yìí, kí ó fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ohun kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ: nígbà tí àìsàn náà bá gbóná, kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, lè wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewu kò kúrò nílẹ̀. Ìgbà tí ara bá rọlẹ̀ ni àyẹ̀wò rẹ̀ ṣeé gbára lé jù.

Èyí tó ń dùn wá jù lọ ni ti oògùn tí a ń dá rà ní kẹ́míìsì. Prednisolone àti dexamethasone máa ń mú ara fúyẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò wọ́n lọ láìsí dókítà níbẹ̀, wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà sókè. Diclofenac náà lè ṣe ọkàn ní jàǹbá. Ìrora ni diclofenac ń bò. Methotrexate, tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, ló ń tu ìjà náà nínú. Ó gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ẹ̀dọ̀ déédéé, aboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹni tó ń mu sìgá, kí ó jáwọ́, nítorí ó ń pa oríkèé àti iṣan lára pọ̀ ni.

Bí èémí bá ṣàdédé ń kúrú, tí àyà ń fún, tí ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí apá kan rọ, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí àyà kò bá dùn ún, nítorí àrùn ọkàn lè kọlu alákúrègbé yìí láìsí ìrora àyà rárá.