Ẹ Má Dúró De Nǹkan Oṣù o, Ẹ̀yin Ìyá Ìkókó

Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ̀yin ìyá ìkókó. Bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín bí ẹ ti ń wò mí yìí, ẹ fi í sọ́mú, kí a jọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọkọ náà, ẹ má dìde, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀.

Ìfètòsọ́mọbíbí lẹ́yìn ìbímọ ni mo bá wá lónìí. N kò ní í ṣàlàyé bí oyún ṣe ń dúró, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ ti mọ ìyẹn. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí.

Gbólóhùn kan wà tí àwa agbẹ̀bí ń gbọ́ ní kílíníkì ṣáá: “Nọ́ọ̀sì, n ò tíì rí nǹkan oṣù mi láti ìgbà tí mo ti bímọ. Bí mo bá ti rí i, màá wá gba ètò.” Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé nǹkan oṣù ló ń kọ́kọ́ dé?

Ẹyin lè ṣáájú rẹ̀! Ẹyin á bọ́ sílẹ̀ nínú obìnrin láìsí pé ó mọ̀. Bí kò bá pàdé àtọ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ lé e. Bí ó bá pàdé rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ò ní í wá mọ́ nìyẹn. Ẹ ó máa retí rẹ̀, ikùn á máa yọ.

Ìyá tó bí ìyá mi ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Bí a bá ti gbọ́ tí èyí tó dúdú nínú wọn ń ké, “kẹ́kẹ́kẹ́ kẹ́ẹ̀!”, àwa ọmọdé á sáré lọ sí ìdí agbọ̀n tó máa ń wọ̀ sí. Ẹyin á ti wà níbẹ̀, á ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ wa. Yíyé ló kọ́kọ́ ń yé, lẹ́yìn náà ni igbe. Mo fẹ́ràn àpèjúwe yìí, gbogbo aláboyún tó bá jókòó síwájú mi ló ń gbọ́ ọ. Nǹkan oṣù ni igbe adìyẹ yẹn. Ẹni tó ní òun ń retí igbe, ẹyin ti bọ́ sílẹ̀ kó tó gbọ́ ọ! Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ lè wá nígbà mìíràn láìsí ẹyin tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè fojú mọ èyí tí tirẹ̀ máa jẹ́?

Mo tún un sọ o: Ẹ MÁ DÚRÓ DE NǸKAN OṢÙ!

Obìnrin tí kò fún ọmọ lọ́mú rárá, oyún lè dúró sí i lára kí ọmọ tó pé oṣù méjì. Láti ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìbímọ ló ti yẹ kó ní ohun tó ń dáàbò bò ó.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ báyìí: “Èmi ń fún tèmi lọ́mú.” Òótọ́ ni, fífún ọmọ lọ́mú ń dènà oyún. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ pàdé ní Bellagio, ní Ítálì, wọ́n sì fẹnu kò pé ààbò rẹ̀ lé ní ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé pọ̀: kí nǹkan oṣù má tíì padà wá, kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà, kí ó sì jẹ́ ọmú nìkan ni ọmọ ń mu, tọ̀sán tòru. Mẹ́ta ni! Bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti yẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń kó wa sí wàhálà nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ bi ìyá ọmọ bóyá ọmú nìkan ni ọmọ ń mu, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá dé ilé wọn láàárọ̀. Ìyá àgbà ti wẹ ọmọ tán, ó ti fi òróró pa á lára, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó sì na ọwọ́ sí kọ́ọ̀bù kékeré kan tí ṣíbí wà nínú rẹ̀. “Omi díẹ̀ ni, kí ọ̀fun rẹ̀ má baà gbẹ.” Lọ́sàn-án, àgbo díẹ̀, nítorí inú rírun. Bó bá di alẹ́, ògì tó ṣàn díẹ̀, kó lè sùn. Kò sí èyí tí ìyá ọmọ kà sí oúnjẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Fífà tí ọmọ ń fa orí ọmú ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kó dá ẹyin dúró. Ọmọ tí omi àti àgbo bá ti kún inú rẹ̀ kò ní í fa ọmú bó ti yẹ. Ìránṣẹ́ náà á dín kù, ọpọlọ á sì tú ẹyin sílẹ̀. Omi tó sì yẹ kó mu, ó ti wà nínú ọmú, kódà nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹ jẹ́ kó di oṣù mẹ́fà ná!

Ìyá tó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà, tó fi ọmọ sílé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ọmú o. Kò yẹ kí wákàtí mẹ́rin kọjá lọ́sàn-án, tàbí mẹ́fà lóru, kí ọmọ má fa ọmú.

Ó dáa, kí ni ká wá lò? Ẹ jẹ́ kí n yára. Kọ́ńdọ̀mù, ìgbàkígbà. Kọ́pà-T, ohun kékeré tó rí bíi lẹ́tà T, wọ́n lè fi í sínú ilé-ọmọ láàárín wákàtí 48 tí ẹ bímọ. Bí ìyẹn bá kọjá, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, ẹ lè gbà á kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, kò sì ní kí ẹ má fọ́mọ lọ́mú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Implanon ń lo ọdún mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní Jadelle ń lo márùn-ún. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, bí ẹ bá ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nítorí náà, ìgbà tí oyún ṣì wà nínú ló yẹ kí ẹ ti sọ èyí tí ẹ fẹ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń rọbí ò ráyè ìpàdé.

Oògùn oníhóró ńkọ́? Ẹ dúró níbí. Oríṣi méjì ló wà: èyí tí ó ní èròjà ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní estrogen nínú, àti èyí tí kò ní in. Èyí tí ó ní èròjà estrogen nínú lè dín omi ọmú kù, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìbímọ. Kò wà fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá dé kẹ́míìsì, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín ni: “Mo ń fọ́mọ lọ́mú.” Postinor kì í sì í ṣe ètò tí a ń lò déédéé o, ti pàjáwìrì ni.

“Abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ á máa kó jọ síkùn.” Irọ́ ni! Bí nǹkan oṣù ò bá wá, ara inú ilé-ọmọ ló fẹ́lẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń kó jọ. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó lè tó oṣù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kí oyún tó dúró. Á dúró, ṣùgbọ́n á pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ láìpẹ́, kó mú òmíràn.

Ẹ̀yin ọkọ, ó kàn yín. Láyé àwọn bàbá wa, ìyàwó tó bímọ kì í sún mọ́ ọkọ títí wọ́n á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní àtọ̀ á ba omi ọmú jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo tí wọ́n ń fi sílẹ̀ dára gan-an ni. Lónìí, yàrá kan náà ni ẹ jọ ń sùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí oyún mìíràn tó dúró, kí ara ìyá lè padà bọ̀ sípò, kí èyí tó wà lẹ́yìn lè mumú yó. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó yín, ẹ ṣọ́ra gidigidi: ojú abẹ yẹn lè ya nígbà ìrọbí bí oyún mìíràn bá tètè dé. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sí kílíníkì. Ẹ fi owó ọkọ̀ sílẹ̀ fún un.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ló kù. Obìnrin á gbé ọmọ pọ̀n, á wọ ọkọ̀ méjì, á dé ilé ìwòsàn, wọ́n á ní kó padà sílé títí á fi rí nǹkan oṣù. Ẹ má gbà! Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ jókòó. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn ìbéèrè kan wà tí òṣìṣẹ́ ìlera lè fi mọ̀ pé kò sí oyún: ọjọ́ wo lẹ bímọ, ṣé ọmú nìkan ni ọmọ ń mu, ṣé ẹ ti sún mọ́ ọkọ. Bó bá ṣì ń ṣe iyèméjì, kó yẹ ìtọ̀ yín wò. Bí kò bá sì tíì dájú, kó fún yín ní kọ́ńdọ̀mù dání, kó dá ọjọ́ tí ẹ máa padà wá, kó sì kọ ọ́ sínú káàdì.