Etí Ni Ó Ń Ṣáájú Ọwọ́: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlù Ṣe Lè Dánra Wò Títí Yóò Fi Di Ọ̀gá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ orin, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé ìlù, fèrè àti gìtá yín wá síbí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ ohun èlò orin máa ń kọ́kọ́ bi olùkọ́ rẹ̀ ni pé wákàtí mélòó ni òun gbọ́dọ̀ máa fi dánra wò lóòjọ́ kí òun tó di ọ̀gá. N kò ní bú ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣíwájú rẹ̀: ta ni ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ nígbà tí o bá ń dánra wò? Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé etí ni olùṣọ́ náà, pé etí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó tọ́ kí ọwọ́ tó lè ṣe é, àti pé ẹni tí ó bá ń lo wákàtí lórí ohun èlò nígbà tí etí rẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, àṣìṣe ara rẹ̀ gan-an ni ó ń há sórí. Ìlù dùndún ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé ìlù tí ó ń sọ̀rọ̀ kì í jẹ́ kí àṣìṣe fara pamọ́: bí ọwọ́ bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò yí padà létí ẹni tí ó gbọ́ èdè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ wákàtí kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé ẹgbàárùn-ún wákàtí, ìyẹn 10,000, ni ó ń sọ ènìyàn di ọ̀gá. Inú iṣẹ́ ìwádìí tí K. Anders Ericsson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ̀ jáde ní ọdún 1993 ni iye náà ti wá, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ta fayolíìnì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin kan ní ìlú Berlin lẹ́nu wò. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n tayọ jù láàárín wọn ti fi ohun tí ó lé ní 10,000 wákàtí dá nìkan dánra wò kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Ìpíndọ́gba ni iye yìí. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n tayọ náà kò tí ì dé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí Malcolm Gladwell gbé e sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 2008 ni gbogbo ayé wá ń pè é ní òfin, Ericsson fúnra rẹ̀ sì kọ̀wé láti sọ pé ohun tí àwọn rí kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìwádìí náà, tí ẹnu kì í sábà kàn, ni irú ìdánrawò tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń ṣe: ibi tí kò tí ì dán mọ́rán ni wọ́n ń dojú kọ, ó ń rẹ̀ wọ́n, wọn kì í ṣe ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lọ lóòjọ́, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù sì tún ń sun oorun ọ̀sán. Nígbà tí Brooke Macnamara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí pọ̀ ní ọdún 2014, wọ́n rí i pé ní ti orin, iye wákàtí ìdánrawò kò ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Ìdá yòókù pọ̀ tó ohun tí ó yẹ kí a jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ó wá ku ìlù. Dùndún kì í pe fáwẹ̀lì, kì í sì í pe kọ́ńsónáǹtì. Ohùn nìkan ni ó ń gbé jáde: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, àti yíyọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Àwọn tí wọ́n dàgbà díẹ̀ láàárín yín yóò rántí ìlù tí ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ ní ayé àtijọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ìlù náà ń fọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń pè, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Ìbàdàn ń gbọ́ ni «T'Olúbàdàn bá kú, ta ní ó joyè?» Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dára. Ẹni tí ó lù ú kò ṣi ìlù lù. Ìró kan náà ni ó gba ọ̀rọ̀ méjì. Nítorí náà ni àwọn àgbà onílù fi ń fi oríkì, òwe àti àpólà ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ sọ̀rọ̀, kí olùgbọ́ lè rí ibi dìrọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ ìlù yìí gbọ́dọ̀ ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu dáadáa kí ó tó ní wọn lọ́wọ́.

Èyí ni àwọn ilé Àyàn ti mọ̀ tipẹ́. Ní agboolé onílù, irú èyí tí ó wà ní Èrìn-Ọ̀ṣun tí Làmídì Àyánkúnlé ti jáde, tí ó sì gbé bàtá àti dùndún dé òkè òkun, láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ ìró ìlù pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí ìró náà ń sọ. Kí ó tó di kòǹgó, ọ̀pá tí a fi ń lu ìlù, mú, etí rẹ̀ ti lè sọ pé èyí tọ́, èyí kò tọ́. Àwọn tí ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Àyàn ni ó ń lu ìlù fúnra rẹ̀ kò ka àwọn ọdún ìgbọ́ràn wọ̀nyẹn mọ́ ìdánrawò, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ìdánrawò tí ó tóbi jù. Àwọn onílù bàtá tilẹ̀ ní ẹnà, èdè ẹnu tí wọ́n fi ń pe ìró ìlù kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹni tí a kò bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pàdánù ohun gbogbo. Ohun tí yóò ṣe ni kí ó mọ̀ọ́mọ̀ fún etí rẹ̀ ní ohun tí ọmọ onílù rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó sọ gbólóhùn náà jáde ketekete. Kí ó fi imú kùn ún, kí ohùn nìkan kù. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìlù ọ̀gá rẹ̀ títí yóò fi lè pè é ṣáájú ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó gbé ìlù kọ́ èjìká. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún àwọn tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì: bí o kò bá lè fi ẹnu kọ ohun tí ọwọ́ òsì rẹ fẹ́ tẹ̀, o kò tí ì mọ̀ ọ́n, bí ìka rẹ tilẹ̀ ń bá a lọ.

Nígbà tí etí bá ti mọ̀, iṣẹ́ wá kan ọwọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wákàtí ti ń ṣòfò. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó di kòǹgó mú, ọwọ́ òsì ni ó ń fún ọsán tí ó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Bí a bá fún un, awọ yóò le, ohùn yóò ròkè. Bí a bá tú u sílẹ̀, ohùn yóò wálẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń gbọ́ jù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ọwọ́ òsì máa ń pẹ́ dé. Kòǹgó ti balẹ̀ kí ọwọ́ òsì tó fún ọsán tán, nítorí náà ohùn òkè tí ó yẹ kí ó jáde gbọnrangandan á wá yọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á mọ̀ pé nǹkan kan kò dára, á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ oríkì, á tún un lù, á tún ṣì í níbi kan náà, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní òpin wákàtí kan, ó ti lu ìlà kìíní tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní àìmọye ìgbà, ó sì ti lu ìlà kẹta tí kò mọ̀ ní ìgbà díẹ̀, gbogbo ìgbà díẹ̀ náà ni ó sì fi ṣì í. Bí ẹ bá bi í, yóò ní òun dánra wò fún wákàtí kan.

Ní Yunifásítì Texas ní Austin, Robert Duke àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo irú ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún (17) tí ń tẹ píánò ní apá kúkúrú kan nínú iṣẹ́ Shostakovich, akọrin-sílẹ̀ ará Rọ́ṣíà, wọ́n ní kí wọ́n dánra wò títí tí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì dán wọn wò ní ọjọ́ kejì. Iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò kò sọ ẹni tí yóò ṣe dáadáa. Iye ìgbà tí wọ́n tún un tẹ̀ náà kò sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa jù pàápàá ń ṣàṣìṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ bí àwọn yòókù; ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé wọ́n máa ń dúró síbi tí àṣìṣe ti wáyé, wọ́n á wá ohun tí ó fà á, wọ́n á dẹ ìrìn orin sílẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì ní kúrò títí ibẹ̀ yóò fi tọ́. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí ju ti Berlin lọ, nítorí pé ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni ó wò, kò dúró lórí ohun tí ènìyàn rántí pé òun ti ṣe láti kékeré.

Ní ti ọwọ́ òsì tí ó ń pẹ́ dé yẹn, ohun tí ó yẹ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gé síílébù méjì tí ìṣòro wà láàárín wọn sọ́tọ̀, kí ó fún ọsán, kí ó dúró, kí ó tó sọ kòǹgó kalẹ̀. Yóò falẹ̀ débi pé kò ní dún bí orin rárá. Nígbà tí ìyẹn bá ti tọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìyẹ̀, kí ó fi síílébù kan kún un níwájú, kí ó fi ọ̀kan kún un lẹ́yìn, kí àlàfo tí ó wà láàárín fífún àti lílù sì máa kéré sí i. Àwọn kan máa ń sọ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sú ni. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà á níyànjú fún wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì wákàtí ní àárọ̀ àti ìdajì wákàtí ní ìrọ̀lẹ́ sàn ju gbogbo ọ̀sán Sátidé lọ, nítorí pé iṣẹ́ ìka tí ènìyàn kọ́ sábà máa ń mọ́ ọwọ́ lára sí i lẹ́yìn oorun òru kan.

Ètò àwọn àgbà tún ní ọgbọ́n mìíràn nínú. Ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyáàlù, ìlù àgbà tí ó ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń darí àwọn yòókù. Ìlù kéékèèké, àwọn omele, ni wọ́n ń fi lé e lọ́wọ́. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti gbé bàtá dé, ètò náà kò yí padà: okónkolo tí ó kéré jù ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń lù, lẹ́yìn náà ni itótele, iyá ni ó gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ omele rọrùn fún ọwọ́, ìró kan náà ni ó ń tún lù lọ láìdúró, nítorí náà etí rí àyè gbọ́ gbogbo ohun tí ìyáàlù ń wí fún ọdún púpọ̀. Àmọ́ o, mo ti rí àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi ètò yìí bojú: wọ́n á fi ọmọ sídìí omele fún ìgbà pípẹ́, wọn kò ní bi í léèrè rí pé, kí ni ìyáàlù sọ lẹ́ẹ̀kan? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ran òde lọ́wọ́ ni, kò kọ́ṣẹ́.

Ẹni tí kò ní agboolé kankan lẹ́yìn náà lè dé ibẹ̀. Tony Allen, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1940, ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ kọ́ ìlù òyìnbó, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Ó ka ohun tí Max Roach, onílù jáàsì ará Amẹ́ríkà, kọ́ni nínú ìwé ìròyìn nípa hi-hat, àwo idẹ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ pa dé, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn onílù tí ó yí òun ká kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ibi tí etí àwọn yòókù kò dé yẹn ni ó lọ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí. Nígbà tí òun àti Fẹlá pàdé láàárín ọdún 1960 sí 1969, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ ti lè máa sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orí ìlù yẹn ni Afrobeat sì dúró lé.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi ìyàtọ̀ sáàárín rìhásà àti ìdánrawò. Rìhásà ni ibi tí ẹgbẹ́ ti ń pàdé láti fi ohùn ṣọ̀kan. Ariwo àwọn yòókù máa ń bo àṣìṣe rẹ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Òde ìnáwó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń ná owó fún lórí kò ní gbọ́ pé ohùn òun yẹ̀. Fóònù tí ó wà lápò yín lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀, kí ẹ má gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì, nígbà tí ọwọ́ ti gbàgbé ohun tí ó rò pé òun ṣe, kí ẹ tó tẹ́tí sí i bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó lù ú.

Ìbéèrè kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ṣáájú ìpàdé yìí ni pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ti dé ipò ọ̀gá. Ní ti ìyáàlù, mo lè dáhùn. Ọ̀gá onílù wà lójú agbo, àlejò kan wọlé, ó wo ojú ẹni náà, ó rántí ìdílé rẹ̀, ó sì bọ́ sínú oríkì rẹ̀ láìjẹ́ kí omele mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ kò gba ọkàn rẹ̀ mọ́, nítorí náà ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn. A lè fi èyí náà dánra wò. Nígbà tí o bá ti mọ oríkì mẹ́rin tàbí márùn-ún, má ṣe máa lu ọ̀kan tán kí o tó kan èkejì. Jẹ́ kí ẹnì kejì rẹ máa lu omele, kí ẹlòmíràn máa pe orúkọ bó bá ṣe wá sí i lẹ́nu, kí o sì máa bọ́ sínú oríkì tí ó pè láìsí ìdádúró. Yóò kọ́kọ́ dà bí ẹni pé o ń padà sẹ́yìn, nítorí pé àwọn èyí tí o rò pé o mọ̀ yóò máa fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Orúkọ èyíkéyìí tí ọwọ́ rẹ bá dúró lé lórí, kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ òun ni o máa kọ́kọ́ fi ẹnu pè ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí o tó mú kòǹgó.