Sátẹ́láìtì tó ti ń dàgbà: bí a ṣe ń fi díìṣì tẹ̀ lé e láti Ìlọrin

Ẹ kú àsìkò yìí o. Díìṣì dúró digbí, ojú ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ síginà ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ má tíì yọ LNB (ohun kékeré iwájú díìṣì tó ń gba síginà), ẹ má sì tíì dá kébù lẹ́bi. Ẹ mú bírò. Ẹ kọ aago tí síginà já lónìí, ẹ kọ ti ọ̀la, kí ẹ kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó bá jẹ́ pé aago kan náà ló ń já lójoojúmọ́, ẹ lọ wo iná ilé yín. Ṣùgbọ́n bó bá ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin yá sí ti àná, tó fi jẹ́ pé lọ́sẹ̀ kan ó ti yá tó ìṣẹ́jú 28, díìṣì yín ò jẹ̀bi. Sátẹ́láìtì ló ń rìn.

Ohun tó fà á nìyí. Sátẹ́láìtì wọ̀nyí wà ní 35,786 km sókè ìlà agbedeméjì ayé, wákàtí 23, ìṣẹ́jú 56 àti sẹ́kọ́ńdì 4 ni wọ́n sì fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tí kò pé wákàtí 24 yẹn lẹ rí nínú ìwé yín. Òṣùpá àti oòrùn ń fà wọ́n sí àríwá àti gúúsù, epo ni wọ́n sì ń jó láti fi dá wọn padà sójú ìlà. Epo yẹn pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ń dì í mú ní ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn lọ fíìfíì. Nítorí náà, bí epo bá ti ń tán lọ, ti àríwá àti gúúsù ni wọ́n kọ́kọ́ ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ìyípo rẹ̀ á máa fi nǹkan bí 0.8° tẹ̀ sí i lọ́dún. Ohun èlò inú rẹ̀ lè ṣì dá ṣáká.

Ó yá, ẹ ṣí CelesTrak lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkànnì tó ń gbé nọ́ḿbà ọ̀nà ìyípo àwọn sátẹ́láìtì jáde. A ó fi NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibi tó wà bá wa lára mu: 42.5° ní ìlà-oòrùn. Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2011 ni wọ́n fi í ránṣẹ́, ọdún 15 ni wọ́n sì ṣe é fún. Nọ́ḿbà rẹ̀ níbẹ̀ ni 38014; ẹ fi wá a. Ìlà nọ́ḿbà méjì ni yóò jáde. Ní ìlà kejì, nọ́ḿbà tó tẹ̀ lé 38014 ni ìtẹ̀sí ọ̀nà ìyípo rẹ̀, ní dígíírì. Bí kò bá tó 0.1, wọ́n ṣì ń dì í mú. Bó bá ti kọjá 1, ẹ múra. Ẹ wo èyí tó kẹ́yìn ìlà náà pẹ̀lú, iye ìgbà tó ń yí ayé po lọ́jọ́ kan: 1.0027 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí sátẹ́láìtì tí tirẹ̀ jẹ́ bíi 0.992, wọ́n ti tì í lọ sókè, síbi tí wọ́n ń kó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sí. Ẹ má lé e mọ́.

Ẹ kó ìlà méjèèjì sínú Gpredict, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ibi tí sátẹ́láìtì máa wà ní aago kọ̀ọ̀kan. Ní Ground Stations, ẹ kọ 8.5 àríwá, 4.55 ìlà-oòrùn, 300 mítà. Aago ńkọ́? UTC, aago àgbáyé, fi wákàtí kan pẹ́ sí ti Nàìjíríà. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, bí sátẹ́láìtì bá tẹ̀ ní 3°, díìṣì rẹ̀ lè ṣì tó 1.2°.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ní sátẹ́láìtì ń lọ sí àríwá àti gúúsù, oníṣẹ́ wá ń fi sípánà gbé ojú díìṣì sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láti Ìlọrin, sátẹ́láìtì tó bá wà ní 42.5° láìtẹ̀, 100.7° lẹ ó kọjú sí (a kà á láti àríwá gba ìlà-oòrùn), ẹ ó sì gbé ojú díìṣì sókè 45.1°. Ká ní ó tẹ̀ ní 3°. Bó bá lọ sí àríwá dé òpin, ìdojúkọ á di 96.0°, ìgbéga 45.8°. Bó bá dé òpin gúúsù, 105.3° àti 44.2°. Ẹ rí i bí? Ọ̀tún àti òsì fi 9.3° sún, òkè àti ilẹ̀ ò ju 1.6° lọ. Yíyí díìṣì lórí páìpù ni iṣẹ́ yín.

Ṣùgbọ́n lára páìpù tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 270 mm, gbogbo 9.3° yẹn ò ju mìlímítà méje lọ. Ojú ò lè kà á. Ẹ de igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn díìṣì, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí àárín páìpù (kì í ṣe ara rẹ̀ o) ní 57.3 cm. Ẹ gbé pákó tí ẹ lẹ rúlà mọ́ sábẹ́ ẹnu igi náà, kó má mì. Sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ dígíírì kan báyìí. Kọ́ńpáàsì ò wúlò nítòsí páìpù irin àti páànù. Síginà tó ga jù ni kí ẹ fi mọ ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Díìṣì 90 cm fún Ku (irú ìgbì síginà tí díìṣì kékeré máa ń gbà) ń fàyè gba nǹkan bí 1° lọ́tùn-ún àti lósì lójú ọ̀run. Nítorí pé ojú díìṣì gbé sókè ní 45°, ìyẹn tó 1.4 cm lórí rúlà. Ẹ má dúró síbi tí sátẹ́láìtì wà; ẹ ṣíwájú rẹ̀ pẹ̀lú 1.4 cm, kó bá yín níbẹ̀, kó sì kọjá. Láàárín ọ̀nà tó ti ń sáré jù, ẹ ó rí bíi wákàtí méjì kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ní òpin méjèèjì, ó máa ń lọ́ra débi pé ẹ lè fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà.

Àwọn kan máa ń kọ aago tí wọ́n ń yí díìṣì sójú ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bíi kàlẹ́ńdà ìrun. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ti fi wákàtí méjì ṣì. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa gba ìlà tuntun, kí ẹ sì tún un kọ.

Ní àárín oṣù Kẹta àti ìparí oṣù Kẹsàn-án, síginà tún máa ń já fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bó bá ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ lù. Oòrùn ló wà lẹ́yìn sátẹ́láìtì. Ẹ má yí nǹkan kan, á padà.

Nígbà tí ẹ bá ń dè nọ́ọ̀tì, ẹ dè é díẹ̀díẹ̀, ti ọ̀tún, ti òsì. Sípánà fúnra rẹ̀ máa ń wọ́ díìṣì. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ tún wo ẹnu igi lórí rúlà kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.