Ojú Òkun Ni Ìlú Èbúté Kọjú Sí

Lọ́dún 1834, Henry Brougham, ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà òṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ sí Ítálì kí oòrùn ibẹ̀ lè tù ú lára. Nígbà tí wọ́n dé odò Var, tó jẹ́ ààlà láàrin ilẹ̀ Faransé àti ìjọba Sardinia láyé ọjọ́un, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kò sí ọ̀nà. Àrùn onígbáméjì ń jà ní gúúsù Faransé, wọn kò sì fẹ́ kó ràn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ni Brougham bá ṣẹ́rí padà, ó wá ibi sùn sí ní abúlé àwọn apẹja kan létí òkun. Abúlé náà ni Cannes.

Ibẹ̀ wù ú débi pé ó ra ilẹ̀, ó kọ́lé, ó sì ń padà lọ síbẹ̀ títí tó fi kú síbẹ̀ lọ́dún 1868. Àwọn ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n kọ́ ilé tiwọn náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1946 tí wọ́n ṣe àjọ̀dún fíìmù àkọ́kọ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń rántí pé àrùn ló dá àlejò àkọ́kọ́ dúró.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ìdí tí mo fi fi ìtàn yìí ṣíde ọ̀rọ̀ mi nìyí: àwọn èbúté tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń kó ènìyàn lọ wò lórí Òkun Mẹditaréníà, tí a ń wò bí ibi fàájì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá, àìní, ìbẹ̀rù àti àrùn ló sọ púpọ̀ nínú wọn di ohun tí wọ́n dà. Ẹni tó bá fẹ́ ná owó gọbọi lórí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ìrìn-àjò ìgbafẹ́ lójú òkun pàápàá, àìní ló bí i. Ní ìlú Hamburg ní Jámánì, Albert Ballin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan tó ń kó èrò lọ sí Amẹ́ríkà. Tí òtútù bá dé, tí òkun Àtìláńtíìkì bá ń ru, èrò máa ń dín kù, ọkọ̀ ńláńlá á sì so mọ́ èbúté, kò ní mówó wọlé, bẹ́ẹ̀ owó ìtọ́jú rẹ̀ kò dín. Ballin wá rò ó pé tí èrò kò bá fẹ́ lọ síbi tí òtútù wà, kí ọkọ̀ gbé wọn lọ síbi tí oòrùn wà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1891, ọkọ̀ Augusta Victoria ṣí kúrò ní Cuxhaven pẹ̀lú èrò 241, ó sì lo nǹkan bí oṣù méjì káàkiri Mẹditaréníà. Nígbà tó di ọdún 1900, ilé iṣẹ́ náà ti kan ọkọ̀ tuntun, Prinzessin Victoria Luise, tí kò wà fún iṣẹ́ mìíràn ju ìgbafẹ́ lọ. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti di ilé ìtura tó ń rìn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bí ènìyàn ṣe ń wọ èbúté, nítorí ibẹ̀ ni adùn ìrìn-àjò yìí wà lójú tèmi. Ilé ní ojú, ilé ní ẹ̀yìn. Ìlú èbúté náà rí bẹ́ẹ̀, ojú òkun ló sì kọjú sí. Ẹni tó bá mọ́tò tàbí rélùwéè wá, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ní Genoa ní Ítálì, ilé ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lanterna, tí wọ́n tún kọ́ lọ́dún 1543, ga tó mítà 77, ó ṣì ń tànmọ́lẹ̀ fún ọkọ̀ títí dòní. Àwọn tó kọ́ ọ fẹ́ kí àlejò ti rí ìlú wọn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí ọkọ̀ tó wọ èbúté, ọkọ̀ kékeré kan máa ń jáde wá pàdé rẹ̀. Afọ̀nàhan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ á gun àkàbà olókùn wọ inú ọkọ̀ ńlá, á dúró ti ọ̀gákọ̀, á máa sọ fún un ibi tí omi ti jìn àti ibi tí òkúta wà. Bó ti wù kí ọkọ̀ náà lówó lórí tó, bó ti wù kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ gbọ́n tó, kò ní ṣe kó má gba ọmọ onílé láyè láti mú un wọlé. Àkókò yẹn gan-an ló yẹ kí èrò wà lókè ọkọ̀. Ó máa ń dùn mí pé orí ibùsùn ni ọ̀pọ̀ ti ń sun àkókò náà dànù.

Ní Villefranche, nítòsí Nice, ẹ ó rí bí ìlú ṣe gẹ̀rẹ́ láti orí òkè wá sí etí omi. Ìbẹ̀rù ọlọ́ṣà ojú òkun ló lé àwọn ará ibẹ̀ gun òkè nígbà kan. Lọ́dún 1295, Charles Kejì, ọba tó ń jẹ lórí Provence nígbà náà, ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ padà wá sí etí òkun, ó sì ṣèlérí pé wọn kò ní san owó òde. Ohun tí orúkọ ìlú náà ń wí nìyẹn: ìlú tó dòmìnira lọ́wọ́ owó òde. Òpópónà kan ṣì wà níbẹ̀ tí ilé bò lórí pátápátá fún nǹkan bíi mítà 130. Rue Obscure ni wọ́n ń pè é, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí nígbà ogun. Ọkọ̀ ńlá kì í lè so mọ́ èbúté kékeré ìlú náà. Inú omi ló ti ń ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké ló sì ń kó èrò lọ sórí ilẹ̀.

Monaco kò jìnnà síbẹ̀. Ìdílé Grimaldi gba orí àpáta rẹ̀ lọ́dún 1297, ṣùgbọ́n ọlá tí a ń rí lónìí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, èso lẹ́mọ́ọ̀nù àti òróró ólífì láti Menton àti Roquebrune ni ìjọba ń gbowó orí lé. Lọ́dún 1848, ìlú méjèèjì yarí. Lọ́dún 1861, Ọmọba Charles Kẹta yọ̀ǹda wọn fún ilẹ̀ Faransé, ó gba mílíọ̀nù mẹ́rin owó franc, àpáta àti ilẹ̀ díẹ̀ ló sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Kí ni kó fi ṣèlú? Wọ́n ti dán ilé tẹ́tẹ́ wò ṣáájú, kò yọrí sí rere. Lọ́dún 1863, wọ́n fi í lé François Blanc lọ́wọ́, ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Rélùwéè dé lọ́dún 1868, ni olówó bá ń rọ́ wá. Nígbà tó di ọdún 1869, Ọmọba náà mú owó orí kúrò lórí àwọn ará ìlú. Síbẹ̀, òfin kò gba ọmọ Monaco láyè láti ta tẹ́tẹ́ nínú ilé náà. Àlejò nìkan ni wọ́n ṣí i fún.

Ilẹ̀ kò tó wọn, wọ́n wá fi omi kún un. Ògiri èbúté tí ọkọ̀ ńlá ń so mọ́ ní Monaco lónìí léfòó ni. Algeciras ní Sípéènì ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì fi ọkọ̀ wọ́ ọ gba orí òkun wá lọ́dún 2002: ó gùn ní mítà 352, ó sì wọn tọ́ọ̀nù 163,000. Mo rọ ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ pé kó wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbójú sókè wo ààfin.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n mú ìlú kan ṣoṣo, Dubrovnik ní Kroatíà ni màá mú. Ragusa ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìlú kékeré láàrin àwọn alágbára. Odi tó yí i ká gùn tó mítà 1,940, ṣùgbọ́n odi nìkan kọ́ ló gbà á là. Ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ owó wúrà 12,500 fún àwọn Ọ́tómánì, ìjọba ńlá ilẹ̀ Tọ́kì, lọ́dọọdún kí wọ́n lè jẹ́ kó ráyè ṣòwò. Ní ẹnu ọ̀nà ilé-odi Lovrijenac, wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ní èdè Látìn pé gbogbo wúrà ayé kò tó ohun tí à ń ta òmìnira fún. Lọ́dún 1416, ìgbìmọ̀ ìlú náà fòfin de òwò ẹrú, nígbà tí àwọn èbúté ńlá yòókù ṣì ń jèrè rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àrùn tún ti padà wá. Lọ́dún 1377, àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ènìyàn bí ẹní pa eèrà, ìlú tó ń jẹun lára àlejò kò sì lè ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ibi tí àrùn wà wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oṣù kan ní Cavtat tàbí ní erékùṣù Mrkan kó tó wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ 40 káàkiri èbúté, orúkọ tí ayé sì ń pe irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láti ara “quaranta”, tó jẹ́ ogójì lédè Ítálì. Ilé tí wọ́n ń dá àlejò dúró sí, Lazareti, ṣì wà lẹ́yìn odi, níbi tí wọ́n ti ń kọrin tí wọ́n sì ń jó báyìí. Òfin tí wọ́n ṣe ní etí òkun yìí ló dá Brougham padà lẹ́bàá odò Var lẹ́yìn nǹkan bí 450 ọdún.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ba Dubrovnik jẹ́ lọ́dún 1667, wọ́n tún un kọ́. Àdó olóró já lù ú lọ́dún 1991, wọ́n tún un kọ́. Ẹ gbójú wo òrùlé láti orí odi, ẹ ó rí ibi tí amọ̀ pupa ti jẹ́ tuntun àti ibi tó ti ṣá.

Ewu tó wà níbẹ̀ lónìí, àwa arìnrìn-àjò ni. Ọkọ̀ mélòó kan lè dé láàárọ̀, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gba ẹnu odi kan wọlé, kí gbogbo wọn sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un. Lọ́dún 2019, ìlú náà bá àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣàdéhùn pé kó má ju ọkọ̀ méjì àti èrò 4,000 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Venice, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ọkọ̀ tó bá ju tọ́ọ̀nù 25,000 lọ kò gbọ́dọ̀ gba iwájú gbàgede San Marco kọjá mọ́. Mo fara mọ́ òfin méjèèjì tọkàntọkàn. Bákan náà ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, tó ní kí epo tí ọkọ̀ ń sun lórí gbogbo Mẹditaréníà má ní ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún imí-ọjọ́ lọ.

Ìmọ̀ràn tí mo ní kò pọ̀. Ẹ yan ọkọ̀ kékeré tí agbára yín bá gbé e, nítorí ó lè wọ ibi tí ńlá kò lè wọ̀. Ẹ ka àkókò tí ọkọ̀ yóò fi dúró kí ẹ tó ka iye èbúté: márùn-ún tí a sùn mọ́jú sàn ju mẹ́wàá tí a sáré kọjá lọ. Tí ìwé ìpolówó bá kọ Róòmù, ẹ rántí pé Civitavecchia ni ọkọ̀ ń so mọ́, ìrìn-àjò wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí Róòmù fúnra rẹ̀. Ó sì lè dùn mọ́ yín láti dúró síbẹ̀, nítorí Olú-ọba Trajan ló kọ́ èbúté náà ní ọ̀rúndún kejì.

Tí ọkọ̀ yín bá sì ń lọ sí Valletta ní Málítà, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ léèrè àkókò tí yóò wọlé, kí ẹ sì jí kí ó tó tó. Lẹ́yìn tí àwọn ará erékùṣù náà la ìdótì ọdún 1565 já ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ìlú náà lélẹ̀ lọ́dún 1566, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún ká wọn mọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ á rọra gba àárín ilé-odi St Elmo àti Ricasoli wọlé, òkúta ẹgbẹ́ méjèèjì á máa yí padà bí àwọ̀ oyin bí oòrùn ti ń yọ, afọ̀nàhan á sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gákọ̀.