Ìrìn-àjò tí a kò dá ọjọ́ àbọ̀ fún

Àsàlámù àlékùmù, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o.

Ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní ẹnubodè ṣí páàsìpọ́ọ̀tù mi, ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ ń padà?" Mo ní n kò tíì mọ̀. Ó gbójú sókè, ó tún un bi. Òótọ́ ni mo sọ fún un. Báàgì kan ló wà léjìká mi: aṣọ mẹ́ta, ẹní ìkírun tó ṣeé ká, bútà ìṣàlùwàlá kékeré kan. N kò bá ẹnikẹ́ni dá ọjọ́. Ó bi mí ní ìbéèrè mélòó kan sí i, ó lu òǹtẹ̀, gbàgà! Ó ní kí n máa lọ. Mo rìn síwájú díẹ̀, mo dúró, ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu. Èmi rèé, ilẹ̀ Ọlọ́hun rèé.

Ó dùn. Mi ò ní í purọ́ fún yín lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí èèyàn jí ní ìlú tí ẹnì kankan kò ti mọ orúkọ rẹ̀, kí ó tó pinnu bóyá ọ̀tún ni yóò yà tàbí òsì, adùn tó wà níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn àgbà ní ìrìn-àjò jìnnà la fi ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló ní ká rìn. Nínú Súrà Mulk, áyà 15, Ó ní Òun ló ṣe ilẹ̀ ní rírọ̀ fún wa, ká máa rìn káàkiri agbègbè rẹ̀, ká sì máa jẹ nínú arísìkí Rẹ̀. Mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń kọ áyà yìí sábẹ́ fọ́tò òkè àti òkun, wọ́n á sì gé e dúró níbẹ̀. Áyà náà kò tíì parí o. Ó kù: "Ọ̀dọ̀ Rẹ̀ sì ni àjíǹde wà."

Ṣùgbọ́n ìtàn tó gbà mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí ni ti àwọn ará Sábà, àwọn tó gbé ní ilẹ̀ Yemen. Ọgbà méjì tí Ọlọ́hun fún wọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bùn kejì ni a kì í sábà dárúkọ, ẹ̀bùn ọ̀nà. Nínú Súrà Sábà, áyà 18, Ọlọ́hun ní Òun to àwọn ìlú tó hàn síta sójú ọ̀nà wọn, Òun sì wọn ìrìn náà fún wọn, pé: "Ẹ máa rìn níbẹ̀ ní òru àti ní ọ̀sán pẹ̀lú ìfàyàbalẹ̀." Kí èèyàn rìn lóru láìbẹ̀rù! Kí ni wọ́n fi san án? Wọ́n ní: "Olúwa wa, mú ìrìn-àjò wa jìnnà sí ara wọn." Àwọn onítáfsíírì, àwọn tó ń túmọ̀ Àlùkùránì, ṣàlàyé pé ìrọ̀rùn yẹn ló sú wọn. Ọlọ́hun bá fọ́n wọn ká pátápátá, Ó sọ wọ́n di ìtàn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Ibi tí mo ti ń ka áyà yìí, ibùdókọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì ti pẹ́ wákàtí méjì, mo sì ti ń ráhùn tipẹ́. Ọkùnrin kan tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ ní igun ògiri, ó ń kírun. Nígbà tó sálámà, a kí ara wa. Èdè wa kò papọ̀, àfi ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ alágbèéká bá wa túmọ̀. Ogun ló lé e kúrò nílé. Òun náà kò ní ọjọ́ àbọ̀. Ó na ìka sí báàgì mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ọ̀rá tirẹ̀ hàn mí. N kò ráhùn mọ́ títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Ẹ wo Súrà Kùráyíṣì. Ìrìn-àjò ọ̀gìnnìtìn àti ti ẹ̀ẹ̀rùn ni Ọlọ́hun fi bẹ̀rẹ̀, Ó sì ní kí wọ́n torí rẹ̀ sin Olúwa Ilé yìí, Ẹni tó fún wọn ní oúnjẹ nígbà ebi, tó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ níbi ìpayà. Ohun méjì péré. Arìnrìn-àjò tó bá rí méjèèjì kò ní àwáwí.

Báwo la ṣe wá ń dúpẹ́ rẹ̀? Gba ohun tí Ó fún ọ. Sàhábà kan bi Sáyídínà Umar léèrè pé, ṣebí nítorí ìbẹ̀rù ọ̀tá ni wọ́n ṣe ní ká dín ìrun ráká mẹ́rin kù sí méjì lórí ìrìn, ọkàn sì ti balẹ̀ báyìí? Umar ní ó ya òun náà lẹ́nu, òun sì bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó ní: "Sàárà ni Ọlọ́hun fi ta yín lọ́rẹ, ẹ gba sàárà Rẹ̀." Ó wà nínú ìwé hádíìsì Muslim. Ọ̀rẹ́ mi kan kò lè gbà á, ó ní ìrun ráká méjì dà bí ìwà ọ̀lẹ. Ìwọ alára lo mọ̀ ju Ẹni tó ń ta ọ́ lọ́rẹ lọ? Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti wọ bàálù, ìrun náà ti gba ìsinmi. Ìyẹn kì í ṣe sàárà mọ́.

Ti àwa tí a kò mọ ọjọ́ ìpadà ńkọ́? Nínú másíhàbà Málíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbì kan yóò kírun pé. Ọjọ́ 15 ni ti Hánáfì. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá lónìí tàbí lọ́la ni yóò kúrò, tó ń retí àtilọ nígbàkígbà, ó lè máa dín in kù lọ. Ó wá nínú ẹ̀gbàwá pé yìnyín há ọmọ Umar, Abdullahi, mọ́ Azerbaijan fún oṣù mẹ́fà, ó sì ń dín ìrun kù. Ẹ bi àlùfáà yín nípa ìrìn tiyín, nítorí afẹ́ àti òwò kì í ṣe ọ̀kan náà lójú gbogbo onímọ̀.

Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù fún mi sì ní iye ọjọ́, 90 ni. Àdéhùn ni. "Ẹ mú àdéhùn ṣẹ" ni Ọlọ́hun fi ṣí Súrà Máídà, físà wà nínú rẹ̀.

Ibn Battuta, gbajúmọ̀ arìnrìn-àjò ará Morocco, kúrò ní Tangier, ìlú rẹ̀, lọ́dún 1325, ọmọ ọdún 21, ó ní Hájì lòun ń lọ. Ó tó ọdún 24 kó tó padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ní Damascus ló ti gbọ́ pé bàbá òun ti kú láti ọdún 15 sẹ́yìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó délé ló gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti pa ìyá òun. Nínú gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí káyé, ibí yìí ni mo máa ń dúró sí. Ànábì ní ìrìn-àjò jẹ́ ẹ̀yà kan nínú ìyà, pé bí ẹnì kan nínú wa bá ti parí ohun tó bá lọ, kí ó yára padà sọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀. Èmi tí n kò bá nǹkan kan lọ ńkọ́?

Mo pe ìyá mi láàárọ̀ yìí kí n tó lọ wẹ̀ fún Jímọ̀. Wọ́n kí mi, wọ́n ṣàdúà, wọ́n ní ṣé mò ń jẹun. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ohun tí ọkùnrin ẹnubodè béèrè.

Mo ní, "Láìpẹ́, Màámi. In ṣáà Allāhu."

Wọ́n ní, "Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ni mo bi ọ́."