Kóòtù Àlòjùnù Nílé-Iṣẹ́ Oògùn: Ẹ Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Yan Aṣọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ oògùn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpoògùn sọ ní Ṣágámù rèé. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráàyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀ka ìpoògùn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù, torí kò ní í pẹ́ tí ẹ̀yin náà yóò fi máa buwọ́ lu ìwé ọjà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀: ẹ má fi irú kóòtù àlòjùnù kan, aṣọ ìbora tí a ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù, bo gbogbo ilé-iṣẹ́. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó ń rajà á béèrè iye owó, á ra páálí rẹpẹtẹ, á pín in fún ẹni tó ń di oògùn sí páálí, fún ẹni tó ń wọn ìyẹ̀fun, fún ẹni tó wà ní yàrá àyẹ̀wò, àti fún àlejò tó wá ya fọ́tò. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí, kò sí àgbà Òṣùgbó tí yóò wọ aṣọ ọlọ́nà lọ sóko ẹ̀gẹ́. A mọ̀ pé aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí. Kí ló dé tí a kò fi ìmọ̀ yẹn ra kóòtù?

Kẹ́ ẹ tó béèrè owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni kóòtù yìí fẹ́ dáàbò bò? Ara èèyàn ń ré nígbà gbogbo. Awọ ń bó, irun ń já, òwú ń bọ́ lára aṣọ tí a wọ̀ wá látilé, gbogbo rẹ̀ ló sì lè bọ́ sínú oògùn. Oògùn náà ń fò mọ́ wa lára. Níbi tí wọ́n ti ń di oògùn oníhóró, oògùn ni kóòtù ń ṣọ́ jù. Níbi tí wọ́n ti ń wọn ìyẹ̀fun, ó ń ṣọ́ oògùn, ó ń ṣọ́ òṣìṣẹ́. Níbi oògùn jẹjẹrẹ, ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ló ń ṣọ́ jù lọ.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni polypropylene (irú ike kan) onípele kan. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: òun ni wọ́n fi ń rán àwọn àpò tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó. Ó fúyẹ́, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tó kúnná ń gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Tàlejò ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni wọ́n ń pè ní SMS, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù o. Ìpele mẹ́ta ló ní, èyí tó wà láàárín ni fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín jù, òun ló ń dá ẹ̀búbu, ìyẹn ìyẹ̀fun tó kúnná, àti omi dúró. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀pọ̀ nínú yín wà, torí pé nínú ooru Rẹ́mọ yìí, èèyàn lè wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé òógùn wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n lẹ ike fẹ́lẹ́ mọ́. Omi kì í tètè gbà á kọjá, àmọ́ ó ń mú ooru. Tyvek tí ilé-iṣẹ́ DuPont bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1967 yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: polyethylene, irú ike mìíràn, ni wọ́n fi ṣe é, fọ́nrán kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì ga.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà gsm tí wọ́n tẹ̀ sára páálí nìkan tàn yín. Ìwúwo aṣọ ló ń sọ, ìyẹn iye gíráàmù tó wà nínú mítà onígun mẹ́rin kan. SMS tí kò wúwo lè dá ẹ̀búbu dúró ju onípele kan tó wúwo jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn tó ń rajà. Ẹni tó ń ta kóòtù á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á da omi lé e, omi á kóra jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, á yí dà nù. Gbogbo yàrá á pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ṣé omi lásán lẹ fi ń ṣiṣẹ́? Sípíríìtì lẹ fi ń nu tábìlì. Ọtí ethanol tàbí isopropanol làwọn kan nínú yín fi ń po ìyẹ̀fun kó tó di hóró. Omi máa ń fa ara rẹ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí kì í fi rin aṣọ yìí. Sípíríìtì kì í fa ara rẹ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń tàn kálẹ̀, tó ń wọnú fọ́nrán. Nítorí náà, ẹ gbé tíṣù sábẹ́ aṣọ náà, kẹ́ ẹ kán ohun tí ọwọ́ yín ń bá ṣiṣẹ́ gan-an sórí rẹ̀. Ẹ kán an sójú rírán pẹ̀lú, torí ihò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àfi èyí tí wọ́n bá fi iná lẹ̀ tàbí tí wọ́n lẹ téèpù bò. Ẹ wá fi aṣọ dúdú nù ún, kẹ́ ẹ wo bóyá fọ́nrán funfun á lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdánwò orí tábìlì yìí kò lè rọ́pò ìwé ẹ̀rí. Fún kẹ́míkà olómi tó lè ta síni lára, EN 13034, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù lórí aṣọ ìdáàbòbò, ni kẹ́ ẹ wá nínú ìwé náà. PB[6] ni wọ́n ń kọ fún aṣọ tí kò bo gbogbo ara, bíi kóòtù.

Iná ńkọ́? Polypropylene ń yọ́ ní nǹkan bí 160°C, polyethylene ní nǹkan bí 130°C, tó bá sì yọ́, ara ló ń lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń lo iná gáàsì ní yàrá àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Kóòtù òwú tí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kó tètè gbiná sí ni tirẹ̀. Ní December 2008, kẹ́míkà tó ń gbiná tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i jó ọ̀dọ́bìnrin olùwádìí kan ní yunifásítì UCLA, l'Amẹ́ríkà. Kò wọ kóòtù, súwẹ́tà tí kì í ṣe òwú ló wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ náà sì gbiná. Ó kú ní January 2009. Ọmọ ọdún 23 ni.

Ẹ tún rántí ọyẹ́. Iná wẹ́wẹ́ tó ń ta lára aṣọ lásìkò yẹn, tí ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń ta pá-pá, lè ran ooru ọtí tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ kóòtù ni wọ́n fi nǹkan pa lára kí irú iná bẹ́ẹ̀ má baà kóra jọ, àmọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni nǹkan ọ̀hún fi ń ṣiṣẹ́. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, agbára rẹ̀ á dín kù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe gbẹ tó nígbà tí wọ́n dán an wò.

Ní ti rírán rẹ̀, ibi tí oògùn bá ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀, kò yẹ kí kóòtù ní àpò lókè àyà: bíírò á bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Ẹnu ọwọ́ rẹ̀ kó fún, kí ìbọ̀wọ́ lè gorí rẹ̀. Ẹ ra ìwọ̀n oríṣiríṣi. Kí oníkálùkù na ọwọ́ sókè nínú tirẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ bá yọ, ó kéré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe abẹ́rẹ́ nínú yàrá tí kòkòrò kankan kò gbọdọ̀ wọ̀, kóòtù kò tó yín. Aṣọ àwọ̀kanlẹ̀ tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀ ni tiyín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ nínú ìlànà rẹ̀ pé kí ibi tí wọ́n ti ń ṣe pẹnisílìnì dá dúró, torí ẹ̀búbu rẹ̀ tí kò tó nǹkan lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní jàǹbá. Kí wá ni àǹfààní ògiri tí òṣìṣẹ́ bá wọ kóòtù kan náà jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe parasitamọ́ọ̀lù? Ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn ni kó ti bọ́ ọ. Mo ti rí kóòtù funfun ní búkà, mo ti rí i lórí ọ̀kadà, ó sì ń dùn mí gan-an, torí ọmọ ló ń sáré wá dì mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ délé. Ti oògùn jẹjẹrẹ le jù: kóòtù olíke tó ń dì lẹ́yìn ni. USP 800, ìlànà Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe ń fọwọ́ kan oògùn tó léwu, sọ pé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò bá sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kí oògùn tó gbà á kọjá, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra. Tí oògùn bá dà sí i, lójú ẹsẹ̀ ni.

Arábìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gá wa ní ká máa fọ̀ ọ́ ká tún un wọ̀, ọjà ti wọ́n." Mo mọ̀ pé ọjà wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n fi pa á lára á ṣí, ìpele àárín lè ya láìhàn sójú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó kù tó lè ṣe mọ́. Tówó bá ni ìṣòro, ẹ sọ fún ọ̀gá kó ra kóòtù polyester tí wọ́n hun pinpin, tí wọ́n ṣe fún fífọ̀, fún àwọn tó ń di oògùn. Ilé-iṣẹ́ ni kó máa fọ̀ ọ́, kẹ́nikẹ́ni má gbé e relé. Ẹ wá fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra àlòjùnù gidi fún àwọn tó ń wọn ìyẹ̀fun.

Ẹ má tọ́jú páálí rẹ̀ sínú oòrùn, oòrùn ń jẹ polypropylene. Èyí tí oògùn bá ti kàn, ẹ dì í sínú àpò tó ní àmì, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí oògùn, kó má dé ààtàn. Àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn ń kó o lọ tà. Èyí tí oògùn kò kàn rárá, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó tó jáde ní géètì.